Gẹ̀ẹ́sì àwọn àgbàlagbà Ìlú Ọba: báwo la ṣe ń mọ̀ pé ohun tí wọ́n sọ kọ́ ni wọ́n ń wí?

Ọmọ Òkè-Ògùn béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tọ́jú àgbàlagbà ní Ìlú Ọba àti ẹ̀yin tíṣà èdè ni mo ń ké sí. Mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, mo sì yege ìdánwò tí wọ́n ní ká ṣe. Àmọ́ àwọn arúgbó máa ń sọ gbólóhùn tí mo mọ gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, síbẹ̀ ibi tí mo rò kọ́ ni ọ̀rọ̀ ń lọ. Mẹ́fà rèé:

“I need to spend a penny.”
“Me plates are killing me.”
“I had a bit of a tumble, nothing to write home about.”
“Trouble with the waterworks.”
“He had a good innings.”
“Mustn't grumble.”

Yàtọ̀ sí ìtumọ̀ wọn, ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ mọ̀. Ṣé ọgbọ́n kan wà tí èèyàn fi lè dá irú ọ̀rọ̀ báyìí mọ̀ lójú ẹsẹ̀? Àwọn orúkọ tí wọ́n kọ́ wa ní sẹ́kọ́ńdìrì, simile, metaphor, hyperbole, ṣé wọ́n wúlò fún nǹkan kan lẹ́yìn ìdánwò? Ẹ̀kẹta, báwo ni kí n ṣe kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ tí a ń kọ lójoojúmọ́?

Tíṣà Èdè dáhùn:

Ẹ kú ìbéèrè. Màá tú márùn-ún. Èyí tó ní “tumble” nínú, mo fi í sílẹ̀ fún àwọn nọ́ọ̀sì, torí òun ló léwu jù nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló dà bíi pé ó rọrùn jù.

“Spend a penny”: ó fẹ́ tọ̀ ni. Láyé àtijọ́, ilẹ̀kùn ilé ìtọ̀ ìta gbangba nílùú wọn ní ihò kan tí wọ́n ń ju ẹyọ pẹ́nì kan sí kí ó tó ṣí. Pẹ́nì yẹn ti di ìtàn, ọ̀rọ̀ ò tí ì kúrò lẹ́nu àwọn àgbà. Àdàpè ni. Àwa náà kì í sọ láwùjọ pé ẹnì kan lọ ṣu, a ó ní ó lọ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀. Àdàpè olè, ọmọ ń fẹ́wọ́. Nítorí náà, ẹ má lọ gbé báàgì owó rẹ̀ wá o; ọ̀pá ìtìlẹ̀ rẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbé, kẹ́ ẹ sì yára.

“Me plates are killing me”: ẹsẹ̀ ń dùn ún. Ẹnà àwọn ará ìlà oòrùn Lọ́ńdọ̀nù nìyí. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé wọ́n á wá àkópọ̀ ọ̀rọ̀ kan tí ìparí rẹ̀ bá ohun tí wọ́n fẹ́ sọ dún pọ̀: “plates of meat” bá “feet” dún. Wọ́n á wá gé ìparí tó dún jọ yẹn dànù, á ku “plates” nìkan. Ibi tí ìtumọ̀ so mọ́ gan-an ni wọ́n gé kúrò, ìdí nìyẹn tí àlejò ò fi lè ronú kàn án láé. “Have a butcher's” wá láti “butcher's hook”, tó bá “look” dún. “Porkies” ni “pork pies”, ìyẹn “lies”. “Use your loaf” ni “loaf of bread”, ìyẹn “head”. Ẹ ò lè fi làákàyè tú u, ẹ kàn máa béèrè ni. “Me” àkọ́kọ́ nínú gbólóhùn yẹn jẹ́ “my”, “killing” sì jẹ́ àsọdùn (hyperbole). Ọ̀rọ̀ márùn-ún, ọnà èdè méjì.

“Waterworks”: àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ (metaphor). Wọ́n fi ara èèyàn wé ilé tí wọ́n fa ẹ̀rọ omi sí, ìtọ̀ sì ni omi náà. Ẹni tó bá sọ èyí lónìí lè sọ “plumbing” lọ́la, tàbí kó ní òun “leaking”. Ìdílé kan náà ni gbogbo wọn. Ó lè jẹ́ pé ìtọ̀ ń ta á lára, ó lè jẹ́ pé kò lè tọ̀, ó lè jẹ́ pé kò lè mú un dúró. “Waterworks” kò sọ èwo, ẹ̀yin lẹ máa béèrè.

“Good innings”: inú eré kíríkẹ́ẹ̀tì ló ti wá. “Innings” ni àkókò tí ẹni tó mú igi fi wà lórí pápá kí wọ́n tó lé e jáde. Ẹni tó pẹ́ níbẹ̀, ó ti gbá ayò púpọ̀. Ẹni tó lo ọjọ́ rẹ̀ pẹ́ títí kó tó kú ni wọ́n ń sọ ọ́ fún. Ẹ má sọ ọ́ sí òkú ọ̀fọ̀ láéláé, kódà kẹ́ ẹ ní inú rere lọ́kàn.

“Mustn't grumble”: “A dúpẹ́” ni. Ẹ wò ó bẹ́ẹ̀, á sì yé yín tán. Bí ibà bá dá ọmọ Yorùbá dùbúlẹ̀ tẹ́ ẹ bi í pé ṣé àlàáfíà ni, “a dúpẹ́” ni yóò kọ́kọ́ wí. Ìkíni ló dáhùn, kò tíì ròyìn ara.

Ó wá kan ọgbọ́n ìdámọ̀. Ohun àkọ́kọ́ ni kẹ́ ẹ fi ọ̀rọ̀ wé ohun tó wà níwájú yín. Bí òjò bá ń rọ̀ tó ní “lovely weather”, tàbí tí oúnjẹ dà sílẹ̀ tó ní “oh, brilliant”, ẹ̀dà-ọ̀rọ̀ ni; ìyìn tí kò bá ohun tó ṣẹlẹ̀ mu, ẹ yí i padà sí òdì. Àfiwé tààrà (simile) ń lo “like” àti “as”, ojú sì máa ń tètè rí i, àmọ́ àwọn ará Ìlú Ọba ń fi ṣe yẹ̀yẹ́: “as clear as mud” kò túmọ̀ sí pé ó yé e, ẹrẹ̀ kì í mọ́. “As useful as a chocolate teapot” náà ńkọ́? Omi gbígbóná á yọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn ni kẹ́ ẹ dúró dè kẹ́ ẹ tó gbà pé ìyìn ni.

Ẹ tún lè fi pípààrọ̀ ọ̀rọ̀ dán an wò. Àkànlò èdè kì í gbà kí wọ́n fọwọ́ kan òun. “He kicked the bucket” túmọ̀ sí pé ó kú. Bẹ́ ẹ bá sọ pé “the bucket was kicked”, garawa gidi ni ẹnì kan ta nípàá. Tiwa náà rí bẹ́ẹ̀: “ó tẹ́rí gbaṣọ” dúró, àmọ́ ẹ sọ ọ́ di “ó tẹ́rí gbẹ̀wù”, ẹ̀rín lẹ máa gbọ́. Ṣùgbọ́n àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ ń bí ọmọ, bí “waterworks” ṣe bí “plumbing”. Èyí tí kì í yí padà, ẹ há a sórí bó ṣe wà. Èyí tó ń bímọ, ẹ kọ́ ìdílé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé “literally”. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti sọ ọ́ di iyọ̀ tí wọ́n fi ń mú àsọdùn dùn: “I literally died.”

Ní ti orúkọ, èmi ò gbà pé ìdánwò nìkan ni wọ́n wà fún. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbé lé yín lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ àsọdùn, ẹ dín in kù. Bó bá jẹ́ àdàpè, ẹ wá ohun tí ojú ń tì í láti dárúkọ. Bó bá jẹ́ àfiwé, ẹ béèrè ọ̀nà wo ni nǹkan méjèèjì fi jọra. Bó bá sì jẹ́ òdì àsọdùn, ìyẹn kí wọ́n mú ohun ńlá kí wọ́n sọ ọ́ bí ohun kékeré, àfi kẹ́ ẹ fi kún un. Litotes, ìyẹn kí wọ́n fi “not” sọ òdì ohun tí wọ́n ní lọ́kàn, bíi “not bad” fún ohun tó dára, wà nínú agbo ẹ̀yìn yìí. Nígbà tá a wà ní ilé ìwé, a kì í pẹ́ lórí rẹ̀. Ní ilé ìtọ́jú, òun ni baba wọn.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́ dáhùn:

Tíṣà, ẹ ṣeun. Ibi tẹ́ ẹ dúró sí ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀.

“A bit of a tumble, nothing to write home about.” Ẹ yọ “a bit of” kúrò, ẹ yọ ìdajì kejì, tó ń sọ pé kò tó nǹkan, kúrò, ẹ wo ohun tó kù: ó ṣubú. Bẹ́ẹ̀ náà lẹ máa ṣe fún “slightly”, “rather”, “a touch of”, “not too”. Àwọn ọmọ ọ̀rọ̀ wẹ́ẹ́rẹ́ yẹn kì í ṣe òṣùwọ̀n. Ìwà ọmọlúàbí tiwọn ni, wọn kì í fẹ́ yọ ẹlòmíràn lẹ́nu. “I don't want to make a fuss” ló máa ń tẹ̀ lé e.

Ẹni tí kò bá gbà pé ó tó bẹ́ẹ̀, kó gbọ́ ohun tí Eric Moody, awakọ̀ òfuurufú British Airways, sọ fún àwọn èrò inú ọkọ̀ rẹ̀ ní June 24, 1982. Eérú òkè ayọnáyèéfín Galunggung, ní erékùṣù Java ní Indonéṣíà, ló pa ẹ́ńjìnnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lójú sánmà. Ó ní: “We have a small problem. All four engines have stopped.” Kò purọ́ o. Gbólóhùn kejì ni ìròyìn. Ti àkọ́kọ́, ìwà ni. (Ẹ́ńjìnnì padà ṣiṣẹ́, wọ́n sì balẹ̀ sí Jakarta láyọ̀.) Àwọn arúgbó tẹ́ ẹ ń tọ́jú máa ń sọ ti àkọ́kọ́, wọ́n á wá dákẹ́. Ẹ̀yin lẹ máa fa ìkejì yọ.

Bí mo ṣe ń fà á nìyí. Bó bá ti ṣubú, ẹ má gbé e dìde kẹ́ ẹ tó béèrè. “Did you bang your head?” sàn ju “Are you OK?” lọ, torí “I'm fine” ni ìdáhùn “Are you OK?” láti kékeré wọn wá. Bí orí bá kan nǹkan, ẹ wò ó bóyá ó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, irú bíi warfarin tàbí apixaban. Bó bá ń lò ó, ọ̀rọ̀ ti di ti ilé ìwòsàn nìyẹn, kódà kó máa rẹ́rìn-ín. Bó bá sọ “not too bad” nípa ìrora, ẹ ní kó fún un ní nọ́ńbà láti òdo dé mẹ́wàá. Ẹnu kan náà tó sọ “not too bad” lè sọ “oh, about eight”.

Ọ̀rọ̀ ìrora fúnra rẹ̀, àfiwé ló kún inú rẹ̀. Ìwé ìbéèrè ìrora tí Ronald Melzack gbé jáde ní 1975 kó ọ̀rọ̀ 78 jọ sí ìsọ̀rí 20, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ pé iṣẹ́ ọ̀bẹ, iná tàbí òòlù ni wọ́n yá: stabbing, burning, pounding. Ẹ má sọ wọ́n di “pain” lásán nínú ìwé yín, torí dókítà ń ka irú àfiwé tí aláìsàn yàn. Ìrora tó ń jó bí iná, tó ń ta bí iná mànàmáná, tàbí “pins and needles”, máa ń jẹ́ kí wọ́n ronú sí iṣan ìmọ̀lára. “Like an elephant sitting on my chest”, tàbí “like a tight band” ní àyà, ẹ má dúró tú ọnà èdè kankan. 999, nọ́ńbà pàjáwìrì Ìlú Ọba, ni kẹ́ ẹ pè. Orí fífọ́ tó dé lójijì bí ìgbà tí àrá sán, wọ́n tilẹ̀ ti fi àrá sọ ọ́ lórúkọ nínú ìṣègùn, “thunderclap headache”, ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ń ya sínú orí. Pàjáwìrì ni òun náà. Èébì tó dà bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kọfí, “coffee grounds”, ẹ̀jẹ̀ tó ti pẹ́ díẹ̀ nínú ikùn ló máa ń jẹ́. Àfiwé tó ti di iṣẹ́ nìwọ̀nyí.

Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ìlera náà ní àdàpè tiwọn. “Poorly” lẹ́nu ìyá àgbà lè jẹ́ ọ̀fìnkìn. Lẹ́nu dókítà tó ń bá ẹbí sọ̀rọ̀, “she's very poorly” túmọ̀ sí pé ẹ̀mí ń bẹ léwu. “We'll keep him comfortable” kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìrọ̀rí. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ìwòsàn ti tán, ìrora ni wọ́n á máa dín kù títí á fi lọ. Bí ẹbí tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa bá wà níbẹ̀, ẹ ní kí nọ́ọ̀sì àgbà là á yé wọn.

Ìdáhùn ìbéèrè kẹta: ẹ kọ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ bó ṣe jáde, láàárín àmì ọ̀rọ̀-ẹnu, kẹ́ ẹ wá kọ ohun tí ojú rí sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ wo èyí:

“Resident fell small. She is fine.”

Ta ló ní ó wà “fine”? Òun ni àbí ìwọ? Nígbà wo? “Fell small” sì jẹ́ “ṣubú díẹ̀” tiwa. Ẹ wá wo èyí:

“07:40. Found sitting on bathroom floor. Said: ‘I had a bit of a tumble.’ Asked if she banged her head. Said: ‘Only on the sink.’ Left side of forehead red. Nurse in charge told 07:42.”

Ẹ rí “only” yẹn? Bẹ́ ẹ bá tú u sí ọ̀rọ̀ tiyín, òun ló máa kọ́kọ́ sọnù. Nọ́ọ̀sì tó bá sì ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, òun ló máa kọ́kọ́ kà.

Ará Yorkshire dáhùn:

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ẹnà Lọ́ńdọ̀nù dẹ́rù bà yín. Lókè níbí, ní àríwá England, ẹ lè ṣiṣẹ́ lọ́dún gbáko láìgbọ́ “plates”. Ohun tó máa kọ́kọ́ mú yín níbí ni “tea”. Bí bàbá bá sọ ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ pé “I've not had my tea”, oúnjẹ alẹ́ ló ń sọ. Bẹ́ ẹ bá gbé kọ́ọ̀pù tíì fún un, á gbà á, á dúpẹ́, ebi á sì sun ún mọ́jú. “Dinner” lẹ́nu ọ̀pọ̀ wọn ni oúnjẹ ọ̀sán. Orúkọ ohun mímu ni wọ́n fún oúnjẹ tó ń bá a rìn, bí àwa náà ṣe ń pe owó tí ìjọba ń gbà lọ́wọ́ olúkúlùkù ní owó orí, tó sì jẹ́ pé orí nìkan kọ́ ló san án. Metonymy àti synecdoche tí wọ́n fi dà wá láàmú nílé ìwé kò ju báyìí lọ.

Akọ̀wé dáhùn:

Ẹ tún wo ẹ̀gbẹ́ tiwa. Àwa náà ń sọ àkànlò èdè sí wọn létí láìmọ̀.

“I'm coming” nígbà tẹ́ ẹ ń kẹ́yìn sí èèyàn: “mò ń bọ̀” ni lọ́kàn yín, ohun tó gbọ́ ni pé ẹ̀ ń sún mọ́ òun, ó sì ń wo ẹ̀yìn yín bẹ́ ẹ ṣe ń lọ. Ẹ sọ “I'll be back in five minutes.” “Sorry” nígbà tí ẹlòmíràn fẹsẹ̀ kọ: “pẹ̀lẹ́” ni, àmọ́ ó lè máa rò ó pé kí lẹ ṣe. “Put to bed” lọ́dọ̀ wa ni kí obìnrin bímọ, lọ́dọ̀ wọn ni kí wọ́n tẹ́ èèyàn sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó wà lára ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà 29 tí ìwé atúmọ̀ èdè Oxford gbà wọlé ní January 2020, pẹ̀lú “next tomorrow” àti “eat money”. Pé ó wà nínú ìwé kò ní kí máníjà yín mọ̀ ọ́n.

Èyí tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ kọ mọ́ ògiri ni ìdílé “pass”. “Passed out”: lọ́dọ̀ wa, ó jáde ilé ìwé tàbí ó parí àgùnbánirọ̀, lọ́dọ̀ wọn, ó dákú. “Passed away”, “passed on”, “passed” lásán: ó kú. “Passed water”: ó tọ̀. “Passed wind”: ó sọ́. Ọ̀rọ̀ kékeré ẹ̀yìn “pass” ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹni tó bá pa á jẹ níbi tí wọ́n ti ń gbé iṣẹ́ lé ara wọn lọ́wọ́ láàárọ̀ lè fi “Mr. B passed at six” pa bàbá tó kàn lọ tọ̀ lásán.

Ọmọ Òkè-Ògùn:

Ẹ ṣeun púpọ̀, Olúwa á bùkún yín. Ìkan ló kù. Bí ìyá àgbà bá sọ pé “I'm ready to go”, ṣé àdàpè ikú ni kí n gbà á sí ni?

Nọ́ọ̀sì Alẹ́ dáhùn:

Ẹ má gbà á sí nǹkan kan. Ẹ jókòó kí ojú yín àti ojú rẹ̀ ṣe déédéé, kẹ́ ẹ ní “Ready to go where?” pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, kẹ́ ẹ wá dákẹ́ kó lè sọ̀rọ̀. Bó bá ní ayé ti sú òun, tàbí òun ti di ẹrù sí wọn lọ́rùn, ẹ má kàn ní “don't say that, mama”, bí àwa ṣe máa ń sọ pé Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ẹ gbọ́ ọ tán, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́wọ́lọ́wọ́, kì í ṣe ìgbà tí ṣíìfù bá parí, kẹ́ ẹ sì kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ gan-an pẹ̀lú aago.

Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Bó bá ti wọ bàtà, tó gbé báàgì lé itan, ó lè jẹ́ pé ọmọ rẹ̀ ló ní òun máa wá mú un jáde.